Èsì: Ibi tí díìnì tuntun ti lè bẹ̀rẹ̀ àyípadà ní yunifásítì Kátólíìkì

Ẹ kú oríire ipò díìnì (olórí àgbájọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́) tuntun, sà. Ẹ̀ ń wá ọ̀nà tí ẹ̀kọ́ dátà fi máa wọlé láìjẹ́ pé Sẹ́nétì, ìgbìmọ̀ tó ń darí ẹ̀kọ́ ní yunifásítì yín, sọ pé ẹ̀ ń ba ilé ìwé ìjọ jẹ́. Inú ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún tí CCMAS, ìlànà ẹ̀kọ́ fún àwọn yunifásítì Nàìjíríà, fi sílẹ̀ fún yunifásítì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀; NUC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó yunifásítì, ló kọ 70 yòókù.

Ìyẹn tó bá jẹ́ pé NUC ti fọwọ́ sí ẹ̀ka náà. Tó bá jẹ́ ẹ̀ka tuntun pátápátá, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá wo olùkọ́ àti irinṣẹ́ yín.

Bí mo ṣe máa ṣe é nìyí:

1. Ẹ kó àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà lọ sí ọsibítù míṣọ̀n tó wà nítòsí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó ti káàdì aláìsàn tí wọ́n fi okùn dì, tí etí rẹ̀ ti ya. Kí wọ́n kọ ètò kọ̀ǹpútà tó máa tọ́jú ohun tó wà nínú káàdì náà. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n: ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti rí àìsàn ẹnìkejì? Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ ìjọ ti wọlé, kì í ṣe nínú àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ kíláàsì nìkan.

2. Ẹ tètè fi ètò yín han bíṣọ́ọ̀bù. Ex corde Ecclesiae, ìwé ìlànà ìjọ fún yunifásítì Kátólíìkì, tí Póòpù John Paul Kejì gbé jáde ní 1990, kò ka bíṣọ́ọ̀bù sí ará ìta, ó sì dáàbò bo òmìnira olùkọ́ láti ṣèwádìí. Ẹ mú ìwé náà dání lọ sí Sẹ́nétì.