Kí ló burú nínú ìtàn My Hero Academia gan-an?

Ẹni tó béèrè ìdí táwọn èèyàn fi ń ṣàríwísí My Hero Academia, ìtàn àwòrán (manga) ilẹ̀ Japan nípa àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ akọni nílé ìwé, bó ṣe lókìkí tó yẹn, lójú tèmi o, èèyàn inú ẹ̀ ló pọ̀ jù. Kíláàsì 1-A tí ìtàn náà dá lé nìkan, ọmọ 20 ni, ká má tíì ka àwọn tíṣà àtàwọn ọ̀daràn, Kohei Horikoshi tó kọ ọ́ wá fẹ́ fún gbogbo wọn níṣẹ́ ṣe, ó wá di pé àwọn kan á pòórá fún ọ̀pọ̀ orí, wọ́n á kàn ṣàdédé yọjú níbi ìjà. Ẹ wo Uraraka, ọmọbìnrin kan ní kíláàsì yẹn, àtìbẹ̀rẹ̀ ló ti wà, àmọ́ ó pẹ́ kó tó rí nǹkan gidi ṣe.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ti ikú. Bakugo, ọmọ kíláàsì 1-A kan, kú nínú ogun ìkẹyìn, a ti bara jẹ́ tán, àfi bí Edgeshot, akọni àgbà kan, ṣe sọ ara ẹ̀ di òwú tín-ín-rín tó wọnú àyà ẹ̀ lọ tún ọkàn ẹ̀ ṣe, bọ̀bọ́ yìí dìde padà wá jà, Edgeshot gan-an ò sì kú! Tí ikú ò bá pani mọ́, àyà ta ló máa já?

Shigaraki náà ńkọ́, tí wọ́n ti ń tọ́ bọ̀ láti jẹ́ olórí ọ̀tá, All For One, ọ̀daràn tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀, tún gbapò mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ṣá, July 2014 sí August 2024, orí 430, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò rọrùn. Ìtàn ìdílé Todoroki, ọmọ kíláàsì 1-A míì, ṣì dùn gan-an.