Píńkì Tó Ń Yí Padà Lálẹ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Láìpẹ́ yìí ni èmi àti ọkọ mi kun yàrá ìgbàlejò wa ní píńkì fẹ́ẹ́rẹ́. Lọ́sàn-án, ó máa ń tù wá lójú, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí a tan iná, ògiri a dà bí elése àlùkò tó ti ṣá. Ọkọ mi tún ní yàrá náà ti di ti ọmọ ọwọ́. Ṣé kí a tún un kùn ni? Ṣé òótọ́ sì ni pé àwọ̀ yìí máa ń mú ara balẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì gbé búrọ́ọ̀ṣì, gílóòbù yín ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Pupa tí a fi funfun bùlà ni píńkì, àmọ́ òmíràn máa ń fì sí yẹ́lò, òmíràn a sì fì sí búlúù, bí ẹ sì ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yìí, ó jọ pé tiyín fì sí búlúù. Iná tó funfun báláú, tí wọ́n kọ 6500K sí ara páálí rẹ̀, ní búlúù púpọ̀ nínú, bó bá sì ti bọ́ sórí irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀, búlúù inú ọ̀dà náà ni yóò gbé yọ. Ẹ fi èyí tí wọ́n kọ 2700K sí pààrọ̀ rẹ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ pọ́n díẹ̀ bíi ti àtùpà. Lójú tèmi, ìyẹn nìkan lè yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Bí kò bá yanjú rẹ̀, ẹ fi píńkì mìíràn tí ẹ fẹ́ lò kun pátákó kan tó tó sẹ̀ńtímítà 60 níbùú lóròó lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí ẹ gbé e nàró ti ògiri kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀, nítorí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bọ́ sórí ohun tó dùbúlẹ̀ yàtọ̀ sí bó ṣe ń kan ohun tó dúró. Èyí tó fẹ́ẹ́rẹ́ ju èyí tó wù yín lórí káàdì tí àwọn olọ́dà fi ń ṣàfihàn àwọ̀ lọ ni kí ẹ mú, torí ògiri tó kọjú síra máa ń da àwọ̀ lu ara wọn, tí gbogbo rẹ̀ yóò sì tún kì sí i.

Ní ti ọ̀rọ̀ ọkọ yín, kì í ṣe píńkì ló ń sọ yàrá di ti ọmọdé, ohun tí a tò tì í ni. Bí ilẹ̀kùn funfun bá ń dán gbinrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí a sì fi léèsì gbá aṣọ fèrèsé létí, kí ni ì bá tún jọ? Ẹ gbé àga onígi dúdú síbẹ̀, kí ẹ sì kó tìmùtìmù aláwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn lé e, nítorí àwọ̀ ewé ló kọjú sí pupa gan-an nínú agbo àwọ̀, ìyẹn àwòrán róbótó tí a to àwọ̀ yí ká. Bí aṣọ fèrèsé bá jẹ́ píńkì, ẹ rán aṣọ mìíràn tẹ́ ẹ nínú, kí oòrùn má baà tètè mú un ṣá.

Ní ti ìfarabalẹ̀, ní ọdún 1979, wọ́n kun àwọn yàrá kan ní píńkì ní àhámọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi ní ìlú Seattle, ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ìrètí pé yóò pẹ̀tù sí ìbínú àwọn tí wọ́n tì mọ́bẹ̀. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e kò fìdí rẹ̀ múlẹ̀, píńkì ọ̀hún pàápàá kì í sì í ṣe fẹ́ẹ́rẹ́ bíi tiyín. Ó pọ́n gan-an ni.