Fíltà ND ni kí ẹ kọ́kọ́ rà

Ẹ kú iṣẹ́ fíìmù o. Ẹ béèrè ohun tó ń mú kí ìrìn àwọn òṣèré yín dà bí ẹni pé ó ń já nígbà tí ẹ bá ń ya fíìmù lọ́sàn-án gangan, àti bóyá ND (fíltà dúdú tí à ń fi bo lẹ́ńsì láti dín ìmọ́lẹ̀ kù) tàbí pọ́láráísà (fíltà tó ń mú dídán kúrò lójú nǹkan bíi gíláàsì) ni kí ẹ fi owó yín rà.

ND ni. Bí ẹ bá ń ya àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó yẹ kí ṣọ́tà, ìlẹ̀kùn ìmọ́lẹ̀ inú kámẹ́rà, máa ṣí fún nǹkan bí ìdá kan nínú 50 ìṣẹ́jú-àáyá, kí ìrìn ènìyàn lè dán mọ́rán. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá mú, tí ẹ sì wà ní ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí) àti f/2.8 (bí ihò lẹ́ńsì ṣe ṣí tó), kámẹ́rà á sáré gbé ṣọ́tà dé ìdá kan nínú 3200 ìṣẹ́jú-àáyá, ibẹ̀ sì ni jíjá yẹn ti ń wá. ND64 ló máa ń tó o, nítorí ìdá kan nínú 64 ìmọ́lẹ̀ náà ló ń jẹ́ kó wọlé. ND tí à ń yí láti mú kó dúdú sí i rọrùn lóòótọ́, àmọ́ bí ẹ bá yí i dé òpin, àmì X dúdú á hàn láàárín àwòrán. Ó ti ba odidi ọ̀sán iṣẹ́ kan jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Pọ́láráísà ní àyè tirẹ̀. Ẹ dojú rẹ̀ kọ gíláàsì ọkọ̀, kí ẹ rọra máa yí i: dídán tó bo gíláàsì náà á máa ṣí kúrò díẹ̀díẹ̀ títí ojú awakọ̀ yóò fi hàn, kọ̀ǹpútà kò sì lè bá yín ṣe é lẹ́yìn náà.

Ẹ ra fíltà tó bá lẹ́ńsì tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ jù mu, kí ẹ fi òrùka irin so ó mọ́ àwọn kékeré.