Ilẹ̀ Bàbá Mi Wà, Kí Ló Dé Tí Báńkì Kò Yá Mi Lówó Ilé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Àgbẹ̀ kòkó ni mí ní abúlé kan lápá Ìdànrè, tíṣà sì ni ìyàwó mi. Bàbá mi fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún wa, a ti kó búlọ́ọ̀kù sórí rẹ̀, koríko sì ti ń bò ó mọ́lẹ̀. Mo lọ yá ₦3,000,000 ní báńkì kan ní Àkúrẹ́, wọ́n ní ilẹ̀ náà kò ṣeé gbà ní ìdógò. Ṣé ọ̀nà mìíràn wà?

ÌDÁHÙN: Alàgbà, ẹ kú iṣẹ́ oko. Kò sí ohun tó ṣe ilẹ̀ yín. Ìwé ni kò ní. Báńkì tó fẹ́ yáni lówó tí a óò fi ọdún 15 san kì í wo bí ilẹ̀ ti dára tó, bí kò ṣe bóyá òun lè tà á bí gbèsè kò bá ṣeé san mọ́. Ilẹ̀ ẹbí sì rèé, olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ó tó kúrò lọ́wọ́ ẹbí. Bí báńkì bá tà á lẹ́yìn wọn, àwọn àbúrò bàbá yín yóò jáde, wọn kò sì ní mú obì lọ́wọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ wá ìwé. Ẹ pe ẹbí jọ, kí wọ́n fọwọ́ sí i pé ìpín tiyín ni pílọ́ọ̀tì náà, kí awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì lọ béèrè fún C of O, ìwé ìjọba tó ń fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ náà, ní Àkúrẹ́. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, òun náà ló sì gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda kí a tó fi irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ dógò. Ó ń náni lówó, ó sì ń pẹ́; n kò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín.

Ní ti owó, Federal Mortgage Bank of Nigeria, báńkì owó ilé ti ìjọba àpapọ̀, ni kí ẹ dojú kọ. Òun ló ń ṣàkóso National Housing Fund (NHF), àpò owó ilé tí òfin 1992 gbé kalẹ̀, ó sì ń yá ẹni tó fẹ́ kọ́lé sórí ilẹ̀ ara rẹ̀ lówó pẹ̀lú. Ẹni tó bá ti ń dá ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un lóṣooṣù sínú àpò náà, ó kéré tán fún oṣù 6, lè béèrè owó ní èlé ìdá 6 tàbí 7 nínú ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe ti òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan. Àgbẹ̀ náà lè forúkọ sílẹ̀. Ẹ yẹ ìwé owó oṣù ìyàwó yín wò dáadáa: bí ẹ bá rí NHF níbẹ̀, a jẹ́ pé wọ́n ti ń yọ ọ́ láti ọjọ́ yìí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. ₦3,000,000 ní èlé ìdá 6 fún ọdún 15 yóò máa gba nǹkan bí ₦25,300 lóṣù, àtowó àtèlé. Bí èlé bá jẹ́ ìdá 25 ní báńkì mìíràn, èlé oṣù kìíní nìkan ti di ₦62,500, ẹ kò sì tíì fọwọ́ kan gbèsè gan-an.

Kòkó kì í sì í mówó wọlé lóṣooṣù. Lójú tèmi, ìyàwó yín ni kó béèrè owó náà, nítorí owó oṣù rẹ̀ ni báńkì lè rí, kí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì sì wà lórí ìwé ilẹ̀. Owó kòkó ni kí ẹ fi san ti awọnlẹ̀ àti ti C of O.

Ẹ ro koríko ìdí búlọ́ọ̀kù yẹn, kí ẹ tò wọ́n sórí pákó, kí ẹ sì fi ọ̀rá bò wọ́n; ó ṣeé ṣe kí òjò ọdún yìí tán kí ìwé tó jáde.