Ẹ Bi Wá: Bóòtù Tó Ń Tú, Bóòtù Tí Ò Gbà Kó Tú

Ìbéèrè (Ìsàlẹ̀ Èkó): Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ jẹnẹrétọ̀ mi tó wà ní bákónì ò yéé tú. Mo fi wáṣà onísípíríǹgì sí i, mo sì ń fi gbogbo agbára mi dè é, àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá bóòtù kan já mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbé jẹnẹrétọ̀ yẹn jìnnà sí fèrèsé, èéfín ẹ̀ máa ń pa èèyàn mọ́jú.

Ó lè jẹ́ ayédèrú lóòótọ́, àmọ́ agbára yín gan-an ni mo fura sí. Tẹ́ ẹ bá ń de bóòtù, ńṣe lẹ̀ ń fà á bíi rọ́bà, á gùn díẹ̀ tójú ò lè rí, bó ṣe ń fẹ́ súnkì padà ló fi ń fún irin méjèèjì pọ̀. Tẹ́ ẹ bá wá fà á kọjá ibi tó ti lè padà, agbára ẹ̀ ti tán nìyẹn, kò ní pẹ́ já. Tí ò bá sì fún tó, irin méjèèjì á máa yọ̀ sọ́tùn-ún sósì, nọ́ọ̀tì á máa yí padà díẹ̀díẹ̀ títí á fi bọ́. Ẹnjiníà ará Jámánì kan, Gerhard Junker, fi ẹ̀rọ dán èyí wò, ó sì gbé e jáde ní 1969 pé gbígbọ̀n ọ̀tún-òsì yẹn ló ń tú bóòtù jù. Wáṣà onísípíríǹgì tí gbogbo wa fọkàn tán yìí, kò fi bẹ́ẹ̀ lè dá a dúró.

Nọ́ọ̀tì tó ní náílọ́ọ̀nù nínú ni kẹ́ ẹ rà, tẹ́ ẹ bá sì tú u ẹ má lò ó mọ́, ẹ ra tuntun. Tàbí kẹ́ ẹ nu epo kúrò lára eyín bóòtù kẹ́ ẹ kán gúlù bóòtù aláwọ̀ búlúù sí i, búlúù o, ti pupa sábà máa ń fẹ́ iná kó tó tú. Ẹ wo rọ́bà ẹsẹ̀ jẹnẹrétọ̀ náà, tó bá ti gan bí igi ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé ọjà irin Òwódé Onírin, ẹ wo nọ́ńbà orí bóòtù: 8.8 lágbára ní ìlọ́po méjì 4.6 kó tó já.

Ìbéèrè (Ṣómólú): Fọkanáísà kan ki páìpù bọ sípánà ẹ̀ fi de nọ́ọ̀tì táyà mi. Táyà wá fọ́ lórí Third Mainland, kò sẹ́ni tó lè tú u, orí ọ̀kan tiẹ̀ ti yí róbótó.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, orí bíríìjì yẹn kì í ṣe ibi téèyàn ń dúró sí rárá. Èyí tó ti yí róbótó, ẹ fi WD-40, epo tí wọ́n ń fín sí irin tó gán, sí i, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, kẹ́ ẹ wá sọ́kẹ́ẹ̀tì ojú mẹ́fà tó bá a mu gẹ́ẹ́, ẹ má lo olójú méjìlá, orí ló ń bẹ́. Ẹ fi òòlù gbá sọ́kẹ́ẹ̀tì náà wọlé, ẹ máa tú u díẹ̀ kẹ́ ẹ dè é padà díẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí á fi gbọ̀. Ẹ má finá sún mọ́ epo àti táyà o! Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ de táyà, ọwọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi yí nọ́ọ̀tì wọlé, kẹ́ ẹ wá máa dè wọ́n ní ìdojúkọra, kẹ́ ẹ fi torque wrench, sípánà tó ń wọn agbára tẹ́ ẹ fi ń dè é, parí ẹ̀. Iye tó yẹ wà nínú ìwé mọ́tò yín, ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré ò jìnnà sí 100 Nm (Nm ni wọ́n fi ń wọn agbára yíyí). Tẹ́ ẹ bá rìn tó 50 sí 100 kìlómítà, ẹ tún un yẹ̀ wò.

Ìbéèrè (Ọbáléńdé): Nọ́ọ̀tì sitẹ́ńlẹ́ẹ̀sì tuntun ni mo rà tìtorí afẹ́fẹ́ ọ̀sà, ó gán sójú ọ̀nà, kò lọ kò bọ̀.

Ìdáhùn: Ẹ gé e. Sitẹ́ńlẹ́ẹ̀sì tó ń họ sitẹ́ńlẹ́ẹ̀sì lára máa ń lẹ̀ mọ́ra bíi pé wọ́n wẹ́ẹ̀dì ẹ̀, pàápàá tẹ́ ẹ bá fi ẹ̀rọ yí i kíákíá. Ẹ fi anti-seize, gírísì tí kì í jẹ́ kí irin lẹ̀ mọ́ra, sí èyí tẹ́ ẹ máa rà, kẹ́ ẹ fọwọ́ yí i jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.