Ẹnì kan ṣoṣo ni Màmá, kí ló dé tí ẹ ń pè é ní "wọ́n"?

Ìbéèrè

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Calgary ni mo ń gbé, ọmọ Òṣogbo ni èmi àti ọkọ mi. Ìbejì wa ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Wọ́n ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń rò kí wọ́n tó lanu sọ ọ́. Ní oṣù kẹjọ tó ń bọ̀, a fẹ́ kó wọn lọ rí ìyá mi nílé. Mo ti ra ìwé méjì tí wọ́n máa fi kọ nǹkan, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gírámà pẹ̀lú wọn: ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀-ìṣe, ọ̀rọ̀-àpèjúwe, gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé. Èwo ni kí n kọ́kọ́ fi kọ́ wọn? Ṣé kí n ya àtẹ mọ́ ara ògiri ni? Mi ò fẹ́ kí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì

Èsì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú o. Ọlọ́run á bá wa wò wọ́n. Ìlú Leeds ni èmi wà, ọmọ mẹ́ta ni mo bí, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo sì ni ilé àwọn ọkọ mi. Ó ṣeé ṣe kí n jù yín lọ, ṣùgbọ́n "ẹ" ni màá máa pè yín, nítorí ọ̀rọ̀ "ẹ" yẹn gan-an ló mú mi jókòó kọ èsì yìí. Mo ka ìbéèrè yín dé ibi tí ẹ ti ní ẹ fẹ́ ya àtẹ, àyà mi já.

Èmi náà ya àtẹ. Káádíbọ́ọ̀dù funfun ni, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì, mo pín in sí òpó mẹ́rin: ọ̀rọ̀-orúkọ, arọ́pò-orúkọ, ọ̀rọ̀-ìṣe, ọ̀rọ̀-àpọ́nlé. Lábẹ́ arọ́pò-orúkọ, mo kọ ẹyọ sápá òsì, mo kọ ọ̀pọ̀ sápá ọ̀tún, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé: mo, o, ó, a, ẹ, wọ́n. Mo fi bíírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ "ó" pé ẹnì kan, sẹ́gbẹ̀ẹ́ "wọ́n" pé èèyàn púpọ̀. Àkọ́bí mi ọkùnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà, há gbogbo rẹ̀ sórí. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Bí mo bá wọlé láàárọ̀, kí n tó bọ́ bàtà, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún mi. Inú mi dùn débi pé mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù, mo fi ránṣẹ́ sílé.

Oṣù kẹjọ ọdún 2015 ni a lọ. Àsìkò kan náà tí ẹ̀yin fẹ́ lọ ni, ẹ sì mọ bí Òṣogbo ṣe máa ń rí bí ọdún Ọ̀ṣun bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Láti ìgbà tí UNESCO ti ka Igbó Ọ̀ṣun mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005, kì í ṣe ará ilé nìkan ló ń rọ́ wá mọ́. Gbogbo yàrá ló kún, orí ẹní ni àwa sùn.

Aláró ni ìyá ọkọ mi. Wọn ò pa aró tà mọ́ nígbà náà, ojú àti eegun ò gbà fún wọn mọ́, ṣùgbọ́n ìkòkò méjì ṣì wà lẹ́yìnkùlé tí wọ́n fi ń pa aṣọ ilé láró. Ọmọ mi ò kúrò nídìí ìkòkò wọ̀nyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì, òun wà pẹ̀lú Màmá. Ẹ mọ bí aró ṣe ń ṣe: bí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò, bí ewé ló ń rí, ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ni àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó kígbe pé, "Màmá, aṣọ jẹ́ dúdú!" Gẹ̀ẹ́sì pọ́nńbélé ni gbólóhùn yẹn, ó fi "jẹ́" sí ibi tí Yorùbá ò fi í sí. Màmá ò rẹ́rìn-ín, wọn ò sì bá a wí. Wọ́n kàn dáhùn pé, "Àní, ó ti ń dú." Wọ́n tún rì í bọ ìkòkò, wọ́n fà á jáde: "Ó dú." Wọ́n tún rì í: "Ó dú kirikiri." Ọmọ fi ẹ̀rín gba "kirikiri" lẹ́nu wọn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, kò sọ "jẹ́ dúdú" mọ́. "Ó dú" ló ń sọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ọ̀rọ̀-ìṣe ni "dú", pé ara rẹ̀ ni ọ̀rọ̀-àpèjúwe "dúdú" ti jáde wá. Láàárín ọjọ́ márùn-ún, ó ti mọ̀ pé omi tutù nini, ata pọ́n ròrò, òpó iná ga fíofío, ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Lórí àtẹ tèmi, "kíákíá" àti "díẹ̀díẹ̀" nìkan ló wà lábẹ́ ọ̀rọ̀-àpọ́nlé.

Lọ́jọ́ kẹfà, àwọn àgbà ẹbí wá kí wa káàbọ̀. Pálọ̀ kún. Bàbá kan bèèrè pé, "Màmá ńkọ́?" Ọmọ mi sáré wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ojú rẹ̀ ń dán, nítorí pé ó gbọ́ ìbéèrè náà, ó sì mọ ohun tó fẹ́ fi dáhùn. "Ó ń bọ̀! Ó ń fọ ọwọ́ rẹ̀!" Pálọ̀ dákẹ́. Bàbá yẹn ní, "Ta ló ń bọ̀?" Ọmọ rò pé wọn ò gbọ́ òun ni, ó gbé ohùn sókè: "Màmá. Ó ń fọ ọwọ́ rẹ̀." Ẹnì kan pòṣé. Ẹlòmíràn rọra sọ pé ohun tí ọmọ tí wọ́n wò dàgbà lókè òkun ń yà nìyẹn. Mo gbọ́ ọ. Bí Màmá ṣe wọlé, tí omi ṣì ń kán lọ́wọ́ wọn, ọmọ yíjú sí wọn: "Màmá, o ti fọ̀ ọ́ tán?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn wọ̀nyẹn kà. Ó mọ "o" ti ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí "ó" ti ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. "Ń" wà níbi tó yẹ, "ti" àti "tán" wà níbi tó yẹ. Ọmọ tí wọ́n bí sí Leeds! Bí a bá fi àtẹ mi wọ̀n ọ́n, kò ṣe àṣìṣe kankan. Ṣùgbọ́n ojú tì mí. Mo dìde, mo jágbe mọ́ ọn níwájú gbogbo wọn. Mo ní kó dọ̀bálẹ̀, kó máa sọ ọ́ títí màá fi ní ó tó: "Wọ́n ń bọ̀. Wọ́n ń fọ ọwọ́ wọn." Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè láti ilẹ̀ níbẹ̀, ó wo gbogbo wa, ó ní, "Ẹnì kan ṣoṣo ni Màmá, kí ló dé tí ẹ ń pè é ní 'wọ́n'?"

"Ẹ" tó lò yẹn, gbogbo pálọ̀ ló fi ń bá wí. Ó ṣì ń tẹ̀lé àtẹ.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mi ò ní èsì kankan fún un, "Dákẹ́!" ni mo rí sọ. Màmá ló fà á dìde, wọ́n ní, "Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀. Ó pè mí, mo sì gbọ́."

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló kù kí a padà. Ọmọ yẹn ò sọ Yorùbá kan mọ́ títí a fi wọkọ̀. Ó ṣì ń lọ sídìí ìkòkò aró, ó kàn ń dúró wò ni. Màmá á fa aṣọ jáde, wọ́n á ní, "Ó dú..." wọ́n á dúró dè é kó parí rẹ̀. Á rẹ́rìn-ín músẹ́, kò ní sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n bi mí pé, "Ṣé ọmọ yìí ò gbọ́ mi mọ́ ni?" Mo ní, "Ó rẹ̀ ẹ́ ni, mà." Mo purọ́ fún wọn. Wọ́n kú ní oṣù kejì ọdún 2017. Láàárín ìgbà náà, bí wọ́n bá pè lórí fóònù, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń kí wọn, wọ́n á sì máa sọ pé, "Ẹ ṣeun, ọkọ mi, ẹ ṣeun." Màmá ń fi "ẹ" pe ọmọ.

Mo ti ro ó títí. Kò sẹ́ni tó kọ́ èmi ní "ẹ" àti "wọ́n" ti àgbà lórí pátákó. Inú agbo ilé ni mo ti gbà á, ẹ̀yin náà bẹ́ẹ̀. Ní Leeds, èmi àti ọkọ mi nìkan ni àgbà tí ọmọ ń rí, Gẹ̀ẹ́sì la sì ń bá ara wa sọ. Lẹ́nu ta ni ọmọ ì bá ti gbọ́ "wọ́n"? Kí ẹ má sì rò pé a kàn jáwọ́ ni. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń pẹ́, olùkọ́ rẹ̀ pè wá, ó ní èdè méjì ló ń dà á láàmú, kí a mú Gẹ̀ẹ́sì nìkan. A gbà. Kí ni à bá ṣe? Ẹ̀rù ń bà wá, a ò lẹ́bí nítòsí, a ò mọ ẹni tí a máa bi. Ọdún méjì la fi pa ẹnu mọ́ nínú ilé. Àwọn tó rẹ́rìn-ín ní pálọ̀ lọ́jọ́ náà ńkọ́? Àwọn kan nínú wọn ń sanwó ilé ìwé tó ń fìyà jẹ ọmọ tó bá sọ fànákúlà, ìyẹn Yorùbá, ní Òṣogbo níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ìyẹn ò dá mi láre.

Ẹ wá bèèrè èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kọ́ wọn. Arọ́pò-orúkọ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí mo ṣe kọ́ tèmi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ láti ọjọ́ kìíní pé iṣẹ́ méjì ni "ẹ" ń ṣe, iṣẹ́ méjì ni "wọ́n" ń ṣe: ó wà fún èèyàn púpọ̀, ó wà fún àgbà kan ṣoṣo. "Yín" àti "wọn" ń tẹ̀ lé wọn ni: mo kí yín mà, mo bá wọn lọ, aṣọ wọn. Ohun tó sì máa mú un wọ̀ wọ́n lára ni kí ẹ̀yin méjèèjì máa sọ ọ́ létí wọn. Bí ìyá yín bá pè, ẹ sọ ọ́ níwájú àwọn ọmọ: "Màmá ló pè, wọ́n ní kí n kí yín." Bí bàbá wọn bá dé: "Wọ́n ti dé, ẹ lọ gba báàgì wọn." Ohun tí mo ṣe fún àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì nìyẹn.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ò ní fún wọn ní wàhálà: "lọ" kì í yí padà, ẹni yòówù kó lọ, ìgbà yòówù kó lọ. Mo lọ, mò ń lọ, mo ti lọ, màá lọ. Ibi tó ti máa ń le ni arọ́pò-orúkọ tó ń tẹ̀ lé e: mo rí i, mo gbé e, mo fún un, mo pè é. Fáwẹ́lì ọ̀rọ̀-ìṣe ni arọ́pò-orúkọ ń fà gùn, ohùn rẹ̀ sì ń yí bí ohùn ọ̀rọ̀-ìṣe bá yí. Ẹ má ṣàlàyé rẹ̀, ẹ kàn máa fi ṣeré pẹ̀lú ohun tó wà lórí tábìlì. "Aṣọ rẹ" àti "aṣọ rẹ̀" náà, ẹ fi aṣọ gidi ṣe é, kí wọ́n máa nawọ́ sí ẹni tó ni ín. Ọ̀rọ̀-àpèjúwe, ẹ̀yìn orúkọ ló ń wà, ẹ sọ ọ́ fún wọn lẹ́ẹ̀kan, ó tó. Àwọn yòókù, ọ̀rọ̀-atọ́kùn àti àsopọ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ná. Bí wọ́n bá sì ṣì í sọ, ẹ tún un sọ padà fún wọn bó ṣe yẹ, bíi ti Màmá nídìí aró, kí ọ̀rọ̀ máa lọ.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ bá àwọn ẹ̀gbọ́n yín sọ̀rọ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ bá àwọn ọmọ wí ní gbangba. Ẹ bá ara yín náà sọ ọ́. Èmi ni mo ṣe é, kì í ṣe wọn.

Ọmọ mi ti wọ yunifásítì báyìí. Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá sọ, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn. Ní Kérésìmesì tó kọjá, àbúrò ọkọ mi obìnrin fi fídíò pè wá láti Òṣogbo. Inú kíṣìnì ni mo wà, ọmọ mi ló gbé fóònù. Mo gbọ́ tí wọ́n bi í pé, "Mọ́mì ẹ ńkọ́?" Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń retí. Ó ní, "Wọ́n wà ní kíṣìnì. Wọ́n ń dín dòdò." Mo dúró sójú kan, mi ò yí dòdò tó wà nínú epo. Mi ò mọ̀ bóyá ibi tí mo ti ń sọ ọ́ fún àwọn àbúrò rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ, tàbí orí ilẹ̀ pálọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò tíì bi í.