Owó ayàwòrán ilé wa ti lé sí i: ṣé dandan ni ká san án?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. A fẹ́ fẹ ilé ìdáná wa lójú sẹ́yìn, ká sì kọ́ balùwẹ̀ kékeré sí ìsàlẹ̀ nítorí ìyá mi, tí orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Ayàwòrán ilé tí a gbà ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún iye iṣẹ́ náà ni òun máa gbà. £60,000 la jọ fojú bù. Káńsù ti fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn agbaṣẹ́ṣe dá iye, ẹni tó kéré jù pe £85,000. Kò pẹ́ tí ìwé owó fi dé: ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún £8,500 (ìdá mẹ́wàá £85,000), ìyẹn £3,825, VAT lórí rẹ̀, pẹ̀lú £650 fún àfikún àwòrán. A ti san £1,500 tẹ́lẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ ní a kò san kọ́bọ̀ mọ́, pé ká gbé àwòrán náà fún ẹlòmíràn. Kí la ó ṣe?
Ìyá Ìbejì, Thamesmead

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Iṣẹ́ ìṣirò owó ilé kíkọ́ ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ní London. Ìjà tí mo rí jù láàárín onílé àti ayàwòrán kì í ṣe lórí ìdá mélòó. Ìdá mẹ́wàá ti iye wo ni wọ́n máa ń jà lé lórí.

Ẹ mú lẹ́tà àdéhùn yín jáde, kí ẹ wá ibi tó ti dárúkọ iye iṣẹ́. Ṣé iye tí ẹ jọ fojú bù ni, àbí èyí tí agbaṣẹ́ṣe bá pè, àbí èyí tí iṣẹ́ bá parí sí? Tí ó bá kọ ọ́ kedere pé iye agbaṣẹ́ṣe ni, kò rẹ́ yín jẹ, bó tilẹ̀ dùn yín. Tí ọ̀rọ̀ náà bá ṣe é túmọ̀ sí ọ̀nà méjì, Òfin Ẹ̀tọ́ Oníbàárà ti 2015 ní èyí tó ṣe oníbàárà láǹfààní ni kí wọ́n dì mú. Ìyẹn á dá yín padà sí £60,000: owó rẹ̀ lápapọ̀ á jẹ́ £6,000, ìdá 45 rẹ̀ á sì jẹ́ £2,700.

Ẹ bi í léèrè pẹ̀lú: àwòrán tó lọ sí káńsù, ìlà wo ló yí padà nínú rẹ̀ nítorí pé agbaṣẹ́ṣe pe £85,000? Ó mọ̀ pé £60,000 lẹ ní lọ́kàn. Ìgbà wo ló kìlọ̀ fún yín pé ohun tí òun ń yà ti ju owó yín lọ? Ìbéèrè yìí ká mi lára gan-an, nítorí òfin kan náà ní kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún oníbàárà fi ìmọ̀ àti ìṣọ́ra ṣe é.

Ìdá 45 fúnra rẹ̀ kò yà mí lẹ́nu. Kò sí òfin tó dá iye kan lé ayàwòrán lọ́wọ́, RIBA, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ilé, kì í sì dá iye fún wọn. Ohun tí lẹ́tà bá sọ labẹ gé.

Ní ti VAT, ẹ wo bóyá nọ́ńbà VAT wà lórí ìwé owó náà. Ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ fún un kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà á. Tí ó bá sì forúkọ sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí lẹ́tà kò sọ pé ó wà lọ́tọ̀, ẹ sọ fún un pé ìdá mẹ́wàá tó pè ti kó o pọ̀. £650 ńkọ́? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ní kó fi balùwẹ̀ kún un lẹ́yìn tí ẹ ti fọwọ́ sí àwòrán àkọ́kọ́, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí nǹkan. Ṣùgbọ́n kí ó kọ wákàtí tó fi ṣe é sílẹ̀, kí ó sì fi hàn yín ibi tó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òun máa gbowó lé e.

Ẹ bá mi bẹ bàbá àwọn ọmọ. Ìwé àṣẹ káńsù tẹ̀ lé ilẹ̀ yín, kò tẹ̀ lé ayàwòrán. Àmọ́ ẹ̀tọ́ àwòrán wà lọ́wọ́ ẹni tó yà á, tí ẹ bá sì jẹ ẹ́ ní gbèsè, ó lè ní kí ẹlòmíràn má lò ó. Ẹ san èyí tí kò ní àríyànjiyàn: £2,700, ẹ yọ £1,500 kúrò, ó ku £1,200. Ẹ fi lẹ́tà tẹ̀ lé e, kí ẹ to ohun tí ẹ ń bá a jà lé lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bèèrè ìlànà tí iléeṣẹ́ rẹ̀ fi ń gbọ́ ẹ̀sùn.

Ẹ yẹ orúkọ rẹ̀ wò lórí ìwé ARB, àjọ tó ń forúkọ àwọn ayàwòrán ilé sílẹ̀; ọ̀fẹ́ ni. Òfin ọdún 1997 ní ẹni tí kò sí níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi orúkọ architect ṣòwò. ARB lè gbọ́ ẹjọ́ pé kò kọ àdéhùn sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í dá ẹjọ́ iye owó. Ẹjọ́ owó tí kò ju £10,000 lọ, ilé ẹjọ́ small claims ló ń gbọ́ ọ, wọ́n á sì kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ bá yín làjà láìgba owó lọ́wọ́ yín.

Ẹ má tíì bá agbaṣẹ́ṣe £85,000 yẹn fọwọ́ sí nǹkan kan títí èsì ayàwòrán yóò fi dé ní kíkọ. Ìdá 55 ṣì kù tó máa gbà: lórí £60,000, £3,300 ni; lórí £85,000, £4,675. Ẹ ní kí ó sọ ìyókù yẹn di iye kan pàtó báyìí, kí ẹ sì jọ fọwọ́ sí i.